Omi Tí Wọ́n Dà Sẹ́nu Ọ̀nà

Ìfẹ́ ni ó kọ́kọ́ wọ ọkàn Ìbídùnní, kí ìbínú tó dé, tí ó ní kí ìfẹ́ sún díẹ̀ kí òun rí ibi jókòó. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò jáde mọ́. Wọ́n jọ ń gbé inú ọkàn kan bí orogún, wọ́n jọ ń dáná, ọ̀kan kò sì kí èkejì káàárọ̀.

Ọdún 1978 ni. Ìbídùnní ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ Jonah bàbá rẹ̀, káfíńtà, ní Ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ẹsẹ̀ òsì Jonah kò ká mọ́. Sòbìà, aràn tí í gùn bí òwú tí í sì í ti inú ẹran ara yọ jáde, ni ó gba orúnkún rẹ̀ yọ ní ọjọ́ kan, tí ó fi í sórí ẹní títí ọjà fi gbàgbé orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó dìde, orúnkún náà ti kọ̀. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n òòlù rẹ̀ kò dákẹ́.

Nítorí bẹ́ńṣì ilé ìwé ni Adégbóyèga ṣe wọ ilé wọn. Tíṣà ni, ará Ìlọfà, ọmọkùnrin tí ó ga, tí ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí Jonah kan bẹ́ńṣì fún kíláàsì òun. Nígbà tí bẹ́ńṣì dé ilé ìwé rẹ̀ ní Ìlọfà, ó gbé ọ̀kan padà wá, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé òmíràn wá, ó ní ó fẹ́ fa òun láṣọ ya. Ìgbà tí ó tún gbé ìkẹta dé, Jonah fi ọwọ́ ra bẹ́ńṣì náà láti orí dé ìdí, ó wo ojú tíṣà.

"Tíṣà, bẹ́ńṣì yìí kò ní àlébù. Ìwọ ni nǹkan ń ṣe. Wọlé kí o lọ sọ fún ọmọ náà, kí n ráyè ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Asiat, ọ̀rẹ́ Ìbídùnní láti ilé ìwé, tí ó ti lọ́kọ sí Ìlọfà tí ó ń ta aṣọ níbẹ̀, ni ó di alárenà wọn. Bí Asiat bá ti ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà, Ìbídùnní á ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, á máa gbálẹ̀ ibi tí ó ti gbá.

"Kí ló ní kí o sọ fún mi?"

"Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò rí oorun sùn. Mo ní kí ó lọ gbá yàrá rẹ̀, bóyá ìdun ni."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí Jonah á fi wúkọ́ láti ìta.

Ìyá kan ṣoṣo ni Adégbóyèga ní láyé, Leah, opó tí ó jẹ́ Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ohun tí Leah bá sọ fún àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ilé ọkọ rẹ̀ ni ó ni odò kékeré tí a ń pè ní Odò Ayaba, àwọn ará ilé náà sì máa ń sọ pé omi tí ó tutù jù ní gbogbo agbègbè Òkè-Ẹ̀rọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé, Leah àti àwọn ẹbí wá sí Ọ̀sì. Ní ilé Jonah, bí a ṣe ń ṣe é ni pé ọmọbìnrin yóò kúnlẹ̀, yóò gbé omi fún ìyá ọkọ. Kí ìyá ọkọ tó mu omi náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ohun tí wọ́n bá wá. Ìbídùnní ti se omi náà láti àná, ó ti jẹ́ kí ó tutù, ó bù ú sínú ife tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó kúnlẹ̀. Leah gba ife náà, ó wò ó.

"Omi ibo nìyí?"

"Omi ilé wa ni, mà."

"Ilé yín." Leah yíjú sí ẹsẹ̀ Jonah tí ó nà gbọọrọ sórí àpótí. "Ọmọ mi kò sọ èyí fún mi. Àwa kì í mu omi ilé onísòbìà. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọmọ wọn, ẹsẹ̀ kíkú ni ó ń fẹ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀."

Ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì da omi náà sílẹ̀. Kò dà á pẹ̀lú ìbínú. Ó dà á bí ẹni tí ó fọ abọ́ tán. Ó dá ife padà sórí àwo, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìbídùnní ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbójú sókè sí Adégbóyèga. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó ń retí, èyíkéyìí. "Ìyá mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Kódà "Háà" lásán ì bá tó o. Adégbóyèga ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ti fi nǹkan kùn ún fún ọjọ́ náà, ó ń dán. Ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ jáde, ó sì fẹsẹ̀ kọjá lórí omi tí ó wà nílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Jonah fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ mi, omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ìbídùnní ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé, obìnrin yìí yóò mu omi lọ́wọ́ mi. Yóò mu ún, yóò sì tún tọrọ sí i.

Ní àkókò náà, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n jẹ́ ọmọ agbègbè wa, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ káàkiri Ìlọrin àti Kàdúná, ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Aláàánú Oníwòsàn. Gbogbo Àjíǹde ni wọ́n ń pàdé ní Ọ̀sì. Wọ́n ń rán àwọn ọmọbìnrin lọ sí ilé ìwé nọ́ọ̀sì, wọn kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ju pé kí wọ́n padà wá, kí wọ́n máa lọ láti ìlú dé ìlú láti kọ́ àwọn èèyàn bí a ṣe ń tọ́jú omi mímu. Ìbídùnní wọ aṣọ tí Asiat yá a, ó lọ bá wọn. Dókítà Ìbítóyè, olórí ẹgbẹ́ náà, bi í pé, "Kí ló dé tí o fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì?"

"Nítorí ẹsẹ̀ bàbá mi ni, sà."

Òótọ́ ni. Ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì kejì ni ó gbé mì.

Ilé ìwé nọ́ọ̀sì ni ó ti gbọ́ ohun tí ó sọ ìbínú rẹ̀ di iná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olùkọ́ wọn ya sòbìà sí ara pátákó. Ó ní kì í gbé inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé kankan. Ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ ni yóò ki ẹsẹ̀ bọ odò nítorí pé omi tútù ń mú ìrora náà rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni sòbìà yóò ti bímọ sínú omi. Ẹni tí ó bá wá mu omi náà láìfi aṣọ sẹ́ ẹ, ó ti gbé ọmọ sòbìà mì nìyẹn. Nǹkan bí ọdún kan ni yóò fi dàgbà nínú rẹ̀ kí ó tó wá ọ̀nà jáde.

Ìbídùnní ju kálàmù sílẹ̀. Ọdún kan. Ta ni bàbá òun ń bá ṣiṣẹ́ ní ọdún kan ṣáájú kí sòbìà tó yọ sí i? Ìlọfà ni. Òrùlé ilé ọkọ Leah ni ó lọ kàn, òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ pé wọ́n ń fún òun ní omi tútù láti Odò Ayaba láràárọ̀, pé omi náà dùn. Omi wọn ni. Wọ́n fún un mu, ó mu, ó dúpẹ́. Wọ́n wá da tirẹ̀ nù.

Adégbóyèga wá sí ilé ìwé náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà kọ̀ọ̀kan, Ìbídùnní ní kí bàbá tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ pé òun kò sí. Á wá gòkè lọ dúró lẹ́yìn fèrèsé, á máa wo agboòrùn dúdú rẹ̀ bí ó ṣe ń kéré sí i lójú ọ̀nà nínú òjò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀. Á di férémù fèrèsé mú. Ó fẹ́ ẹ, ó sì fẹ́ kí nǹkan dùn ún, kò sì mọ èyí tí ó wúwo jù nínú méjèèjì.

Ọdún 1983 ni ó padà wálé, nọ́ọ̀sì aláṣọ funfun. Ẹgbẹ́ sì fi í sí Ìlọfà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì, ó to aṣọ asẹ́ kalẹ̀, ó fi han àwọn obìnrin bí a ṣe ń so ó mọ́ ẹnu ìkòkò kí a tó da omi sí i. Wọ́n ń gbọ́, àwọn mìíràn ti ń na ọwọ́, àfi ìgbà tí Leah dìde láti iwájú.

"Omi tí ó wo bàbá ọkọ mi dàgbà, ṣé aṣọ ni yóò wá máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Leah tẹjú mọ́ ọn. "Dúró ná. Ṣé kì í ṣe ọmọ káfíńtà Ọ̀sì nìyí? Ẹ má gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú sòbìà ló ti wá, ó ń wá ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú rẹ̀."

Ọwọ́ tí ó nà padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ náà, Ìbídùnní ká gbogbo aṣọ asẹ́ rẹ̀ padà sínú àpò bí ó ṣe kó wọn wá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Asiat tí ó wà lẹ́yìn sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ẹ̀rín náà ba òun.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú dáadáa, Leah kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n ní làkúrègbé ni.

"Làkúrègbé wo ni wọ́n ń fi ewé dì ní kókósẹ̀?" Asiat bi Ìbídùnní. "Mo gbé aṣọ lọ síbẹ̀. Wọ́n fi ìró bo ẹsẹ̀ títí dé ilẹ̀. Àwọn ará àdúgbò sì ti rí wọn létí odò ní ìdájí, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi."

Ìbídùnní gbé ẹnu kúrò lára ife tí ó ń mu.

Kò pẹ́ tí Adégbóyèga fúnra rẹ̀ fi dé. Ó ti rù. Kò tíì fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú, kò wọlé.

"Dùnní, ìyá mi ń jẹ̀rora. Jọ̀wọ́. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́."

"Háà, tíṣà. O lẹ́nu?"

Adégbóyèga di òpó ẹnu ọ̀nà mú.

"Níjọ́sí, mo rò pé odi ni ọ́. Mo tilẹ̀ ṣàánú rẹ."

"Ojú ń tì mí nígbà náà. Ó ṣì ń tì mí. Kò sí ọjọ́ tí n kò rìn kọjá lórí omi yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbídùnní lára. Ó yíjú sí àpò oògùn rẹ̀ kí ọkùnrin náà má baà rí i. "Máa lọ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má ki ẹsẹ̀ bọ odò mọ́. Mò ń bọ̀ lọ́sàn-án."

Kí ó tó lọ, ó yà sí Ọ̀sì, ó bu omi láti inú ìkòkò bàbá rẹ̀, omi sísẹ́, ó rọ ọ́ sínú ìgò. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé Leah, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Leah dùbúlẹ̀ ní yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu. Orí sòbìà ti yọ lókè kókósẹ̀, funfun, tín-ín-rín. Nígbà tí ó rí ẹni tí ó wọlé, ó kọjú sí ògiri.

"Ẹ kú ìrora, mà," ni Ìbídùnní wí. Ó wẹ egbò náà, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ó fi igi ìṣáná gbá orí sòbìà mú, ó ká a díẹ̀, ó dúró. "Díẹ̀díẹ̀ la ń ká a. Ojoojúmọ́ ni n ó máa wá. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú fà á, á já mọ́ ọn nínú, ẹsẹ̀ á sì kú bíi ti bàbá mi." Ó fi báńdéèjì dì í. Ó wá yọ ìgò jáde, ó bu omi sínú ife. "Ó ku oògùn kan, mà. Omi ilé onísòbìà. Ife kan lójúmọ́, níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń ká a."

Leah wò ó. "Tí n kò bá mu ún ńkọ́?"

"N ó ṣì máa wá ká a. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni n ó máa gbà wọlé, lọ́jọ́ ọjà, pẹ̀lú aṣọ funfun mi. N kò ní gba ẹ̀yìnkùlé mọ́."

Leah gba ife náà. Ó mu ún. Omijé rẹ̀ kán sínú rẹ̀, ó mu òun náà mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Lójoojúmọ́, sòbìà á gùn díẹ̀ sí i lára igi ìṣáná, ìgò á sì ṣófo. Lọ́jọ́ kan Dókítà Ìbítóyè bẹ̀ wọ́n wò, ó rí ìgò náà láàárín oògùn.

"Kí ni omi ń ṣe níbí?"

"Ti aláìsàn kan ni, sà."

Dókítà wò ó pẹ́. Ọmọ agbègbè ni, ó ti gbọ́ ìtàn náà. "Ìbídùnní, oògùn ń wo egbò. Ṣọ́ra kí o má dá òmíràn sílẹ̀." Ó sì dá ìgò náà padà sí ibi tí ó wà.

Lọ́jọ́ tí ó kù díẹ̀ kí sòbìà jáde tán, Leah ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dojú kọ àjà.

"Bàbá rẹ ni ó kan igi yìí."

"Àwọn ni, mà. Omi wo ni ẹ ń fún wọn mu nígbà yẹn?"

Leah tún wo àjà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìbídùnní rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé sí i lára, díẹ̀díẹ̀, kò sì kánjú, ó jókòó tì í bí ẹni ń jẹun. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, Leah fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sọ fún àwọn obìnrin pé, "Ẹ lọ gba aṣọ náà. Kò burú." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin lọ gbà á.

Asiat wá sí Ọ̀sì láti bá Ìbídùnní di irun. "Adégbóyèga ní òun fẹ́ mú ìyá òun padà wá. Kí ni kí n sọ?"

"Kí wọ́n wá. Ibi tí wọ́n jókòó sí nígbà yẹn ni wọn ó jókòó sí."

Asiat dá ọwọ́ dúró nínú irun rẹ̀. "Mo mọ ojú yìí. O fẹ́ da omi náà nù lójú wọn."

"Ṣé n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i?"

"O lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí o bá gbẹ̀san yó lónìí, kí lo máa jẹ lọ́la? O ti ń fi ìbínú sun ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ yìí, o sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀."

"Di irun mi, Asiat."

Wọ́n wá. Àwọn ẹbí kan náà, àga kan náà. Jonah na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí. Ìbídùnní bu omi sínú ife ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Leah. Leah na ọwọ́ méjèèjì. Kí ó tó kan ife, Ìbídùnní dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì da omi náà sílẹ̀, sí ojú ibi gan-an tí ti ìṣáájú ti gbẹ.

Àgbà ọkùnrin kan láti Ìlọfà ti ń mú fìlà rẹ̀. Ìbídùnní wo Adégbóyèga. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bí ó bá tún wo bàtà rẹ̀, ó parí.

Adégbóyèga bọ́ bàtà náà. Ó dìde, ó lọ síbi ìkòkò, ó tún aṣọ asẹ́ ṣe lẹ́nu rẹ̀, ó bu omi sínú ife tí ó gbà lọ́wọ́ Ìbídùnní. Ó wá sí àárín ilé, ó sì kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì bí ọmọge, lójú àwọn àgbà ilé bàbá rẹ̀.

"Adégbóyèga, ọkùnrin ni ọ́," àgbà náà sọ.

"Mo mọ̀, bàbá. Ọjọ́ tí ó yẹ kí n ti jẹ́ ọkùnrin ni mo dákẹ́." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, ohun tí ẹ ṣe nínú ilé yìí burú. Omi wa ni ó pa ẹsẹ̀ bàbá yìí, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí." Lẹ́yìn náà ni ó na ife sí Ìbídùnní. "Dà á nù bí o bá fẹ́. N ó lọ bu òmíràn. Títí ìkòkò á fi gbẹ, n ó sì lọ pọn sí i."

Ìbídùnní wo Jonah. Jonah ń wo àjà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò sí nílé.

"Ta ni 'agbè ò fọ́' ń bá wí?" ni Jonah sọ fún àjà.

Ìbídùnní gba ife. Ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún dé ìdajì. Gbogbo èèyàn ti ń rò pé ó ti parí, àwọn kan ti fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, nígbà tí ó rìn dé iwájú Leah tí ó sì gbé ìdajì tí ó kù fún un. Àjẹkù ẹnu rẹ̀. Kò kúnlẹ̀.

Leah wo inú ife náà, ó wo ojú ọmọbìnrin náà. Ojú méjèèjì yé ara wọn. Ó mu ún, kò ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù. "Ilé wa ti di tìrẹ, ọmọ mi," ó ní, "a dé láti wá tọrọ rẹ."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn kí òjò ọdún 1984 tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ìbídùnní fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ náà dán an wò mọ́ láé. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí Leah bá wá kí wọn, ife kan ṣoṣo ni Ìbídùnní ń gbé síta. Òun ni í kọ́kọ́ mu, Leah á sì mu èyí tí ó kù. Àwọn obìnrin Ìlọfà máa ń tọ́ka sí wọn fún àwọn ọmọ wọn tí ń lọ sílé ọkọ: ẹ wo ìyàwó àti ìyá ọkọ tí ìfẹ́ wọn pọ̀ débi pé wọ́n ń mu omi nínú ife kan. Leah á mi orí. Ìbídùnní á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ ṣé, mà."